Ṣé Ó Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ Kó Gbogbo Ilé Rẹ̀ Sí Kíláàsì Kìíní?

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí àwọn kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀rọ̀ owó ìrìnàjò ni. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ kó ìyá, ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí òkèèrè, ṣé ó yẹ kí ó san owó kíláàsì kìíní fún gbogbo wọn, tàbí kí wọ́n jókòó sí àárín èrò bí gbogbo ayé? Nígbàkígbà tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ó sì ti kan àpò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí a gbé e síta, kí gbogbo wa jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ láti Ìbàdàn sí Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó ilé rẹ̀ lọ sí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Èkó. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n: ìyá rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìyá ìyàwó rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, ọmọ méjì tó ti dàgbà, àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Ó wá yá owó lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tí a bi í léèrè pé kí ló fẹ́ fi owó náà ṣe, ó ní ìyá òun kò wọ kíláàsì kìíní rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, òun kò sì fẹ́ kí ó lọ láìwọ̀ ọ́. Ta ni nínú wa tó lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó sọ pé rárá? A fọwọ́ síwèé.

Ìṣirò owó náà rèé. Nígbà náà, 6,000 náírà ni owó kíláàsì kìíní fún ẹnì kan, ti àárín jẹ́ 5,000, ti ọ̀dọ̀ èrò púpọ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 2,500. Bí a bá san owó àgbà fún èèyàn mẹ́sàn-án, kíláàsì kìíní yóò jẹ́ 54,000 náírà, ọ̀dọ̀ èrò yóò jẹ́ 22,500. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 31,500. Ẹ má sì gbàgbé pé 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí nígbà náà. Ìyẹn ni pé èlé tí a san lórí àga nìkan, fún àlọ nìkan, ju odidi owó oṣù òṣìṣẹ́ kan lọ. Àbọ̀ ṣì ń bẹ níwájú. Láti ìgbà náà, owó ọkọ̀ ti gòkè, owó oṣù tó kéré jù lọ náà sì ti di 70,000 láti ọdún 2024. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, kí ó béèrè iye òde òní, kí ó sì ṣe irú ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ síwèé owó yíyá.

Báwo ni ìrìnàjò náà ṣe rí? Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láti Ẹdẹ lọ sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú irin tuntun náà parí sí. Wọ́n wọ kíláàsì kìíní. Àga tóbi, ó sì rọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ débi pé ìyá àgbà ní kí wọ́n bá òun mú ìborùn jáde nínú àpò. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Nígbà tí wọ́n kọjá Abẹ́òkúta, ìyá béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Láti àárọ̀ tí a ti jókòó síbí, kò sẹ́ni tó kí wa. Ṣé wọ́n ń bínú ni?" Ìgbà tó yá, ó dìde, ó fa ọmọ-ọmọ méjì lọ́wọ́, ó sì gba àárín ọkọ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ èrò púpọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ìyá ọlọ́jà pàdé, àwọn kan tilẹ̀ jẹ́ ará Ìwó àti Òṣogbo tí wọ́n mọ ìdílé rẹ̀. Ibẹ̀ ló jókòó sí dé Ẹ̀búté Mẹ́tta. Àga 6,000 náírà mẹ́ta ṣófo wọ Èkó.

Ẹ̀rín ni arákùnrin wa fi sọ ìtàn yìí fún wa nígbà tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Oṣù márùn-ún gbáko ni a fi yọ owó náà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ dé ní oṣù kejì, kò rí i san. Ìpàdé ẹgbẹ́ méjì ni kò wá, ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó wá. A kò sọ èyí láti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àwa la fọwọ́ síwèé owó náà, àwa la rò pé oore ni a ń ṣe fún un. Ẹ̀bi náà, a jọ pín in ni.

Kí á gbọ́ tẹnu àwọn tó fẹ́ ẹ

Òdodo ni pé àwọn tó ń ti kíláàsì kìíní lẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní orúnkún àgbà kò fẹ́ ìnira. Wọ́n ní aboyún àti ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ wà níbi tí èrò ti ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró nídìí ẹ̀rọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbádùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá nìkan ni Ọlọ́run dá ìdí fún láti fi jókòó sórí àga tó rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, a fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òṣìṣẹ́ kò yẹ ní ibi tó dára kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa.

Àwọn kan sì sọ pé ìrìnàjò kò dọ́gba. Òótọ́ ni. Láti Ìbàdàn sí Èkó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 157, wákàtí méjì ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti Èkó sí Kánò lórí ojú irin àtijọ́ ju kìlómítà 1,100 lọ, a ó sùn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ Èkó sí Kánò padà ní oṣù Kejìlá 2012, ẹni tó bá gba yàrá tó ní ibùsùn nínú rẹ̀ ra ohun gidi: ó ra oorun. Àgbà tó bá fi ìjókòó sun òru kan mọ́jú, ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ̀rora ẹ̀yìn. Nítorí náà, ìdájọ́ wa kò lè jẹ́ pé kíláàsì kìíní burú níbi gbogbo. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni a ń rà gan-an?

Ibi tí kíláàsì ti wá

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a rántí bí nǹkan yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Láti àsìkò náà ni Ẹdẹ, ìlú Tìmì, ti mọ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń san owó kíláàsì kìíní fún àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn ọ̀gá náà kò yọ ọ́ nínú àpò ara wọn. Kíláàsì kẹta ni ti lébìrà, ti àgbẹ̀ àti ti ọlọ́jà, owó àpò tiwọn ni wọ́n sì fi ń wọ̀ ọ́.

Bákan náà ló rí lójú òkun. Àwọn àgbà wa kò ní gbàgbé ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tó ń ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó láti 1951. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá ni ó fi ń rìn, ó ń yà ní Las Palmas àti Freetown lọ́nà. Kíláàsì kìíní ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tí owó rẹ̀ kéré kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sùn ní kíláàsì kìíní náà, ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ ló san owó wọn. Ọkọ̀ òfuurufú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dáwọ́ ìrìnàjò náà dúró ní 1974.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Ohun tí ọ̀gá ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwa fẹ́ fi owó oṣù wa rà, kí a lè dà bí ọ̀gá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku tó bá kọ́ ìtẹ́ tó tóbi ju ara rẹ̀ lọ, òtútù ni yóò pa á.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ayé òde òní

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ojú irin. Àwọn ọmọ wa kan tó wà ní London àti ní Amẹ́ríkà ti ń sọ pé àwọn fẹ́ kó bàbá, ìyá àti gbogbo ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti di ìlú kékeré. Èyí tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, tí ilé-iṣẹ́ Royal Caribbean bẹ̀rẹ̀ sí fi kó èrò ní oṣù Kìíní 2024, ga ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ogún, ó sì lè gba èrò tó ju 7,000 lọ. Nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta sí fún ìdílé kan ṣoṣo, tí ọmọdé lè jókòó sí òkè kí ó sì yọ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa fún àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀. Ọkọ̀ kan náà ni gbogbo èrò wọ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀, púpọ̀ nínú oúnjẹ àti eré inú rẹ̀ ló sì wà fún gbogbo ènìyàn. Yàrá tó wọ́n jù sábà máa ń wà lókè téńté, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ òkun mọ̀ pé òkè ni ọkọ̀ ti ń mì jù. Àárín ọkọ̀ níhà ìsàlẹ̀ ni ara ti ń balẹ̀ jù fún àgbà tí òkun ń kọ lára, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dínkù. Yàrá kéékèèké méjì tó ní ilẹ̀kùn láàárín lè ṣe iṣẹ́ tí yàrá ńlá kan ń ṣe: àgbà yóò tètè sùn, ọmọdé yóò máa ṣeré, ìyá ọmọ yóò sì gbọ́ igbe àwọn méjèèjì.

Kí wọ́n sì rántí pé òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni àwọn tó ń tẹ́ ibùsùn náà. Òfin àgbáyé ti àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi, tí wọ́n ṣe ní 2006 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí mẹ́wàá nínú wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ìjà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló mú irú òfin bẹ́ẹ̀ wá, kì í ṣe àánú ẹni tó ni ọkọ̀.

Èrò tiwa

Èrò tiwa nìyí. Fún ìrìnàjò ọ̀sán tí kò ju wákàtí mẹ́ta lọ, kí òṣìṣẹ́ má ṣe kó gbogbo ilé sí kíláàsì kìíní. Ohun tó ń rà kò tó iye tó san. Kò ní tètè dé ju àwọn yòókù lọ, nítorí ẹ́ńjìnì kan náà ló ń fà wọ́n. Ọkọ̀ kan náà ni, ojú irin kan náà ni.

Bí àgbà tí ara rẹ̀ kò le bá wà, tàbí aboyún, ẹ ra àga tó dára fún òun àti ẹnì kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí àwọn yòókù wà ní ọ̀dọ̀ èrò. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìṣirò wa. Ìyá méjì àti olùtọ́jú kan ní kíláàsì kìíní jẹ́ 18,000. Èèyàn mẹ́fà yòókù ní ọ̀dọ̀ èrò jẹ́ 15,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 33,000 dípò 54,000. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wà nínú 21,000 tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àgbà náà léèrè! Arákùnrin wa kò bi ìyá rẹ̀. Ìfẹ́ ọkàn tirẹ̀ ni ó pè ní ìfẹ́ ọkàn ìyá. Bí ó bá bi í, ìyá ì bá ti sọ pé ọ̀dọ̀ èèyàn ni òun fẹ́ wà.

Nítorí pé, kí ni ìdílé ń wá nínú ìrìnàjò? Wọ́n fẹ́ jọ wà pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ-ọmọ yóò bá ìyá àgbà gbé àpò, ìyá àgbà yóò sọ fún un bí ọ̀nà yìí ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọge. Èyí kò sí nínú tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Bí owó púpọ̀ bá mú kí wọ́n jọ wà pọ̀, bíi yàrá tó ní ibùsùn mẹ́rin lórí ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n san án bí wọ́n bá ní in. Bí ó bá jẹ́ kìkì ìdákẹ́rọ́rọ́ ni wọ́n rà, ìdákẹ́rọ́rọ́ wà nílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ ó jẹ́rìí wa. Nínú bọ́ọ̀sì láti Àkódà sí Ìbàdàn, kò sí kíláàsì kìíní. Síbẹ̀, bí ìyá àgbà bá dé, iwájú ni a máa ń ní kí ó jókòó sí, ọ̀dọ́mọkùnrin á sì dìde fún un láìgba kọ́bọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́ kì í wà lọ́kọ̀ kí àgbà dúró. Ọ̀wọ̀ tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn, wọn kò tà á fún wa.

Ohun tí a fẹ́ kí a ṣe

Àkọ́kọ́, a ń dá a lábàá fún ìpàdé gbogbogbòò pé kí alájẹṣẹ́kù má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́ fún èlé orí àga tàbí orí yàrá ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí a dá àjọ ìrìnàjò sílẹ̀ fún un, kí ó máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, kí ó kó o nígbà tí àsìkò bá tó. Owó tí a fi pamọ́ kì í lépa ẹni dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì owó oṣù.

Èkejì, kí a má ṣe máa lé ibi tó dára nìkan kiri, kí a jà kí ibi tí gbogbo ayé ń jókòó sí dára. Ní oṣù Kẹfà 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, tí Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn, wọn kò jà kí ènìyàn díẹ̀ lè bọ́ sí kíláàsì kìíní. Owó tí gbogbo òṣìṣẹ́ yóò fi lè ra oúnjẹ ni wọ́n jà fún. Nípa bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀ka wa kọ̀wé nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àpapọ̀ sí àwọn tó ń ṣàkóso ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n ya àga mélòó kan sọ́tọ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà fún àgbàlagbà àti aboyún ní ọ̀dọ̀ èrò púpọ̀, láìfi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Kí omi máa wà ní ilé ìtọ̀ ní gbogbo ìgbà, kí àtẹ̀gùn ọkọ̀ rọrùn fún orúnkún tó ti gbó. Kí wọ́n sì mú ojú irin tuntun náà dé Ẹdẹ, kí ìyá wa má ṣe tún máa wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé Èkó.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi kíláàsì wọn ara wa láàárín ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó bá ní owó tó sì wọ kíláàsì kìíní, a kò bínú sí i. Ẹni tó bá wọ ọ̀dọ̀ èrò, kí a má ṣe bi í pé kí ló dé. Ìtìjú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń ti ọ̀pọ̀ wọ inú gbèsè. Arákùnrin wa ti san gbèsè rẹ̀ tán, ó ti padà sí ìpàdé, òun gan-an ló sì sọ pé kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí síwèé. Ó ní ìyá òun ṣì ń sọ ìtàn ìrìnàjò náà títí di òní, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà tó bá pàdé ni ó máa ń ròyìn. Kò dárúkọ àga rí.

Ẹ wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ wá sọ tẹnu yín. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwa, a fẹ́ gbọ́ ọ jù.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.